Kí lẹ kọ́kọ́ ń kọ́ ọmọ ọdún 4 sí 5 nípa bíbá ẹlòmíràn gbé àti ṣíṣe ojúṣe tirẹ̀?

Olùbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí. Ọmọ 16 ló wà nínú kíláàsì tí mo fẹ́ gbà, ọdún 4 sí 5 ni gbogbo wọn. Ìṣẹ́jú 20 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ lójoojúmọ́ fún ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń bá ẹlòmíràn gbé àti bí ọmọ ṣe ń mójú tó nǹkan tirẹ̀. Ohun tí mo bá nínú ìwé ètò kò ju "ẹ bọ̀wọ̀ fún ara yín", "ẹ máa pín nǹkan yín", "ẹ jẹ́ ọmọ dáadáa" lọ. Wọ́n lè kọ ọ́ lórin láti òwúrọ̀ dalẹ́, àmọ́ tí ọmọ méjì bá na ọwọ́ sí ohun ìṣeré kan ṣoṣo, orin ti dákẹ́ nìyẹn.

Kí ni kí n kọ́kọ́ kọ́ wọn? Irú iṣẹ́ wo ni ọmọ ọjọ́ orí yìí lè dá ṣe tán, tí kì í ṣe àgbà ló máa parí rẹ̀? Tí ọmọ bá sì na ẹnì kejì rẹ̀, kí ni kí n ṣe ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí ọwọ́ lè mú ṣe ni mo ń wá.

Olùkọ́ Jẹ́lé-ó-sinmi

Ẹ kú ìmúrasílẹ̀ o. Ẹ fi "pín nǹkan rẹ" sílẹ̀ ná. Lójú ọmọ ọdún 4, ohun tó bá ti kúrò lọ́wọ́ òun ti lọ nìyẹn. Kò rí i pé yóò padà. Ohun tó lè yé e ni "ó kàn ọ́" àti "kò tíì kàn ọ́", torí ìyẹn ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin, ó sì máa ń yí padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Dídúró de àsìkò ẹni ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá aago oníyanrìn méjì: ọ̀kan tó ń tán ní ìṣẹ́jú 1, èkejì ní ìṣẹ́jú 2. Ẹ gbé e sórí pẹpẹ tí ojú àwọn ọmọ tó ṣùgbọ́n tí ọwọ́ wọn ò tó, torí bí ẹni tó ń lo ohun ìṣeré bá lè dé ìdí aago, yóò tún un yí lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀yin ni kí ẹ máa yí i. Lọ́jọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn ni kí ẹ fi dánra wò, bíi bọ́ọ̀lù tó ti gbó. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í ni pé orí ohun tí wọ́n ń jà lé gan-an la ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ara rẹ̀ ti gbóná kò ní àyè ẹ̀kọ́ kankan nínú lásìkò yẹn. Ìṣẹ́jú 1 ni kí ẹ lò lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ wá bọ́ sí 2 lọ́sẹ̀ kejì.

Ẹni tó ń dúró gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ kan tó ń ṣe. Kó jókòó sórí àga tí ẹ yàn fún un, kó máa ṣọ́ iyanrìn. Tí iyanrìn bá tán, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ fún ẹnì kejì pé "ó ti kàn mí", kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ má sì fi ìṣẹ́jú kankan kún un fún ẹni tó ń lò ó, bó tilẹ̀ ń sunkún. Ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó dúró ti rí i pé dídúró kò lérè, jíjá gbà ló lérè.

Ohun kejì ni ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa máa ń sọ: "Tí wọ́n bá ṣe é fún ẹ ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ yìí ń fẹ́ kí ọmọ fi ara rẹ̀ sípò ẹlòmíràn, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló tíì lè ṣe é. Ní ọdún 1983, àwọn olùṣèwádìí méjì nípa ìrònú ọmọdé, Heinz Wimmer àti Josef Perner, fi ìtàn kan han àwọn ọmọdé. Ọmọkùnrin kan fi nǹkan pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù kan, ó jáde lọ. Nígbà tí kò sí nílé, ìyá rẹ̀ gbé nǹkan náà lọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù mìíràn. Wọ́n bi àwọn ọmọ pé níbo ni ọmọkùnrin náà máa wá a sí tó bá dé. Àwọn tí kò tíì pé ọdún 4 tọ́ka sí ibi tí nǹkan náà wà báyìí. Àwọn mọ ibẹ̀, nítorí náà wọ́n rò pé òun náà mọ̀ ọ́n. Láàárín ọdún 4 sí 6 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn rẹ̀ bó ṣe tọ́. Ìyẹn ni pé nínú ọmọ 16 yín, àwọn kan lè ro èrò ẹlòmíràn lónìí, àwọn kan ò sì tíì lè ṣe é, kì í sì í ṣe oríkunkun.

Ohun tó wà lójú ni kí ẹ fi hàn wọ́n. Dípò "ronú nípa rẹ̀", ẹ sọ pé: "Wo ojú rẹ̀. Omi ń bọ́. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bi í pé kí ló fẹ́." Ọmọ ọdún 4 lè wo ojú, ó sì lè béèrè. Ríro inú ẹlòmíràn á máa tẹ̀ lé e bọ̀.

Ní ti orúkọ ìmọ̀lára, mẹ́rin péré tó fún oṣù àkọ́kọ́: inú mi dùn, inú ń bí mi, ẹ̀rù ń bà mí, inú mi bàjẹ́. Ẹ wá fi "ojú ń tì mí" àti "mo ń jowú" kún un lẹ́yìn náà. Àwọn méjì yìí le, torí ọmọ tí ojú ń tì sábà máa ń rẹ́rìn-ín, àgbà á sì rò pé ó ń fini ṣẹ̀sín ni. Èdè wa ràn wá lọ́wọ́ níbí: inú ló ń bí ni, ojú ló ń tì ni, àyà ló ń já. Kí ọmọ gbé ọwọ́ lé ibẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ọmọ tó ti mọ ibi tí ìbínú ti ń bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀ á máa mọ̀ ọ́n kí ọwọ́ tó dìde.

Ẹ má bi gbogbo ọmọ 16 lójúmọ́ kan. Tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá lo ààbọ̀ ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú 8 ti lọ, ẹni kẹwàá ti ń yí lórí ẹní. Ọmọ 4 lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́rin, gbogbo wọn ti sọ̀rọ̀. Ọjọ́ karùn-ún di ti eré ọmọlangidi. Ẹ sì gé ìṣẹ́jú 20 yẹn sí mẹ́ta: 7 láàárọ̀, 8 lẹ́yìn eré, 5 kí wọ́n tó lọ sílé. Àjókòó kan fún ìṣẹ́jú 20 ti pọ̀ jù fún wọn.

Alábòójútó Ọmọ Wẹ́wẹ́

Ẹ kú ìjíròrò o. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni tèmi.

Iṣẹ́ tí ẹ máa gbé fún ọmọ gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ gidi. Ẹ fi èyí yẹ̀ ẹ́ wò: tí ọmọ náà kò bá ṣe é lónìí, ṣé nǹkan kan máa kù tí gbogbo kíláàsì á rí? Tí kò bá bomi rin òdòdó, ewé á rọ. Tí kò bá tẹ́ ẹní, kò síbi ìjókòó. Àmọ́ "olórí ìdákẹ́jẹ́ẹ́" tàbí "ọ̀gá ìlà" kì í ṣe iṣẹ́, oyè ni. Ọlá àṣẹ lọmọ máa fi í kọ́, kì í ṣe ojúṣe.

Ọmọ 16, iṣẹ́ 8, ọmọ méjì nídìí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá ní kí ẹ mú iṣẹ́ 8: títẹ́ ẹní àti kíká a, bíbomi rin òdòdó, kíkó bàtà sí ìlà, pípín ìwé, nínu tábìlì, gbígba abẹ́ tábìlì, kíkó bíríkì ìṣeré, àti wíwo bóyá báàgì gbogbo èèyàn wà lórí ìkọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lò nídìí iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má pààrọ̀ àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹnì kan kúrò lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹni tó kù kọ́ ẹni tuntun lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Báyìí, ọ̀sẹ̀ kìíní ọmọ jẹ́ ti kíkọ́, ọ̀sẹ̀ kejì jẹ́ ti kíkọ́ni. Níbẹ̀ gan-an ni àjọṣe àti ojúṣe ti pàdé, mo sì rò pé ó sàn ju ẹ̀kọ́ ẹnu lọ. Ẹni tó ń kọ́ni gbọ́dọ̀ ní sùúrù, ẹni tó ń kọ́ gbọ́dọ̀ tẹ́tí, kò sì sí èyí tó jẹ́ ọ̀gá.

Bí ẹ ṣe máa kọ́ wọn: lákọ̀ọ́kọ́, ẹ ṣe é níwájú ọmọ láìsọ̀rọ̀, díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ń ṣe é, ẹnu yín lọ́mọ máa wò, kò ní wo ọwọ́ yín. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ ṣe é. Níkẹyìn, kí ọmọ dá a ṣe, kí ẹ̀yin káwọ́ sẹ́yìn. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí: ẹ káwọ́ sẹ́yìn, torí ọwọ́ àgbà kì í gbàgbé ọ̀nà ibi tí iṣẹ́ wà.

Iṣẹ́ tó bá gùn, bíi fífa síìpù, ìparí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ki ìdí síìpù bọ ara wọn, ẹ fà á dé àyà, kí ọmọ fa ìwọ̀n ìka mẹ́rin tó kù. Tó bá ti mọ ìyẹn dáadáa, ẹ fi í sílẹ̀ fún un láti ìdodo. Kíkì í bọ ara wọn ló le jù, òun ló sì kẹ́yìn. Ìdí tí èyí fi dára ni pé lójoojúmọ́ ni ọmọ ń parí nǹkan. Tó bá jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ la fún un, ibi tó le jù ló máa kọ́kọ́ pàdé, á fi sílẹ̀, àgbà á sì parí rẹ̀.

Omi tó dà sílẹ̀ ńkọ́? Tóweli ńlá kọ́. Ọwọ́ ọmọ ọdún 4 kò lè fún un. Ẹ gé aṣọ òwú sí ìwọ̀n 25 sẹ̀ǹtímítà ní ìbú àti òró, kí mẹ́ta wà nínú apẹ̀rẹ̀ tí ọwọ́ wọn tó. Etí omi ni kí wọ́n ti máa nù ún bọ̀ sí àárín. Tí wọ́n bá ti àárín bẹ̀rẹ̀, omi á fẹ̀ sí i. Aṣọ àkọ́kọ́ fún omi, èkejì fún ọ̀rinrin, ẹ̀kẹta fún ọwọ́ tiwọn.

Àṣẹ tí ẹ máa pa náà ṣe pàtàkì. "Ẹ tún yàrá ṣe" kì í ṣe iṣẹ́ kan, iṣẹ́ mẹ́wàá ni, ọmọ ò sì mọ èwo ló ṣáájú. Ọmọ ọdún 4 lè di nǹkan méjì sí mẹ́ta mú lórí: "Kó bíríkì sínú apẹ̀rẹ̀ pupa, gbé e sórí pẹpẹ." Ẹ ya àwòrán ohun tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ sí ara rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ 4 ti tó nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ má sọ pé "ó ku ìṣẹ́jú 5", torí wọn ò mọ bí ìṣẹ́jú 5 ti gùn tó. Ẹ sọ pé, "To bíríkì méjì sí i, ká wá kó wọn."

Tí ọmọ bá nu tábìlì tí kò mọ́ tán, ẹ má tún un nù lójú rẹ̀. Ìgbà mẹ́ta tó bá rí i bẹ́ẹ̀, á ti mọ̀ pé iṣẹ́ òun kò wúlò. Ẹ bi í pé "Ibo ló ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́?", kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ wá a.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ti pé ẹnì kan dúró, ẹnì kan kúrò nídìí iṣẹ́ yẹn wọ̀ mí lọ́kàn. Ohun méjì ló kù. Pátákó ìràwọ̀ kan wà lára ògiri: ọmọ tó bá ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ á gba ìràwọ̀ kan, ìràwọ̀ 10 á fún un ní ẹ̀bùn. Ṣé kí n tẹ̀ síwájú pẹ̀lú rẹ̀? Èkejì ni ọ̀rọ̀ "pẹ̀lẹ́". Wọ́n ti mọ̀ ọ́n sọ débi pé wọ́n á na èèyàn, wọ́n á sọ "pẹ̀lẹ́", wọ́n á sì tún nà án.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìdàgbàsókè Ọmọdé

Tó bá jẹ́ pé orí ìrànlọ́wọ́ ni ìràwọ̀ yẹn wà, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ní ọdún 1973, àwọn olùṣèwádìí mẹ́ta, Mark Lepper, David Greene àti Richard Nisbett, mú àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó fẹ́ràn àwòrán yíyà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ṣèlérí ẹ̀bùn fún àwọn kan kí wọ́n tó yà á. Àwọn kan rí ẹ̀bùn gbà láìròtẹ́lẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n yà á tán. Àwọn yòókù ò gba nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn náà, nígbà tí kò sí ẹ̀bùn mọ́, àwọn tí wọ́n ṣèlérí fún ló lo àkókò tó kéré jù nídìí àwòrán. Eré ti di òwò lójú wọn. Ní 2008, Felix Warneken àti Michael Tomasello rí ohun tó jọ ọ́ lára ọmọ oṣù 20: àwọn tí wọ́n fún ní nǹkan lẹ́yìn tí wọ́n ranni lọ́wọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ranni lọ́wọ́ mọ́ nígbà tí ẹ̀bùn dáwọ́ dúró. Ọmọ oṣù 20, ẹ wò ó! Ìfẹ́ àtiranni lọ́wọ́ ti wà nílẹ̀ kí pátákó ìràwọ̀ tó dé.

Ibi tí ìràwọ̀ lè wúlò ni ohun tí ọmọ kò fẹ́ ṣe rárá, tó kúrú, tó sì máa di bárakú, bíi fífọ ọwọ́ lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀.

Kí lẹ máa fi rọ́pò rẹ̀? Ẹ sọ ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe fún ẹlòmíràn: "O gbé àga wá fún un, ó ti ríbi jókòó." Ẹ má tètè sáré sọ "ọmọ dáadáa ni ọ́". Ẹ̀rí wà nípa èyí. Ní 2014, ìwádìí kan fi hàn pé àwọn ọmọ ọdún 3 sí 6 tí wọ́n ní kí wọ́n "jẹ́ olùrànlọ́wọ́" ranni lọ́wọ́ ju àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n "ranni lọ́wọ́" lọ. Ó dùn létí. Àmọ́ ní 2018, àwọn mìíràn rí i pé nígbà tí ìrànlọ́wọ́ náà bá kùnà, tí nǹkan dà sílẹ̀ tàbí tó bàjẹ́, àwọn tí wọ́n pè ní olùrànlọ́wọ́ ló tètè máa ń dá iṣẹ́ tó le dúró. Ẹni tí a fi iṣẹ́ pè, tí iṣẹ́ bá bàjẹ́, òun náà ti bàjẹ́ lójú ara rẹ̀. Ìṣe ni kí ẹ máa yìn.

Ní ti "pẹ̀lẹ́": ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni kí a wò. "Pẹ̀lẹ́" là ń sọ fún ẹni tó ṣubú, fún ẹni tí ara rẹ̀ ò yá, fún ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ìkẹ́dùn ni, kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Nítorí náà, ọmọ tó nani tó ní "pẹ̀lẹ́" kò tíì gbà pé òun ṣe nǹkan kan. "Má bínú" sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹni tí a nà ló gbé iṣẹ́ lé lórí: òun ni kó má bínú. Èyí tó pé ni kí ọmọ sọ ohun tí ọwọ́ òun ṣe: "Mo tì ọ́. Má bínú. Kí ni kí n ṣe kó lè dẹ̀?" Kó wá ṣe é: kó bu omi tútù sí aṣọ, kó tún ilé bíríkì tó wó tò, kó lọ pe àgbà. Àmọ́ ẹ má fipá gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ kó tó yé e.

Baba Ọmọ Mẹ́ta

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, àmọ́ níbì kan, mi ò gbà. Tí a bá ní kí ọmọ má sọ "má bínú" títí tó fi yé e, ìgbà wo ló máa yé e? Ọmọ ń kí àgbà kó tó mọ ìdí tí à fi ń kíni. Ẹnu ló ṣáájú, ọkàn á bá a níwájú. Ẹni tí wọ́n nà náà ń retí ọ̀rọ̀ kan, kì í ṣe kó dúró de ìgbà tí ọkàn ẹnì kejì bá yọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìdàgbàsókè Ọmọdé

Òótọ́ lẹ sọ nípa ẹni tí wọ́n nà, mo sì gbà á. Òun ò gbọ́dọ̀ dúró. Nítorí náà, ẹ̀yin àgbà ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ lójú àwọn méjèèjì: "Ó dùn ọ́. Kò yẹ kó ṣẹlẹ̀." Ẹni tó nani á gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tí èémí rẹ̀ bá ti wálẹ̀, bíi ìṣẹ́jú 5 sí 10, ẹ padà sí i, kó wá sọ tirẹ̀. Ohun tí mo kọ̀ ni fífi ipá gbà á lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí àyà rẹ̀ ṣì ń lù kìkì. Ohun tó ń kọ́ níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ méjì yìí ni owó ìtanràn, tó bá ti san án, ó parí. Òun lẹ rí nínú kíláàsì yẹn, tí wọ́n ń sọ ọ́ tí wọ́n tún ń nani.

Ẹ sì ya àṣìṣe sọ́tọ̀ kúrò lára mọ̀ọ́mọ̀ṣe, torí wọn kì í dá a mọ̀ fúnra wọn. Jean Piaget, onímọ̀ nípa ìdàgbàsókè ọmọdé, kọ nípa èyí ní 1932. Nínú ìtàn tó sọ fún àwọn ọmọdé, ọmọ kan fọ́ ife 15 láìmọ̀ọ́mọ̀, ọmọ kejì fọ́ ife 1 níbi tó ti ń ṣe ohun tí kò yẹ kó ṣe. Àwọn ọmọ kékeré sábà máa ń ní ẹni tó fọ́ 15 ló burú jù. Iye ni wọ́n ń kà. Torí náà, ẹ béèrè léraléra nínú eré ọmọlangidi yín pé "ṣé ó fẹ́ kó ṣẹlẹ̀?"

Olùkọ́ Jẹ́lé-ó-sinmi

Ẹ jẹ́ n dáhùn ti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, torí ẹ béèrè rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, a ò sì tíì dé ibẹ̀.

Ẹ bọ́ sáàárín wọn, ẹ kúnlẹ̀ kí ojú yín bá tiwọn dọ́gba. Ọwọ́ yín kan dí ọwọ́ tó ń na ni, láìfún un pa. Gbólóhùn kan: "Mi ò ní jẹ́ kí o nà án." Ẹ má béèrè ìdí, ọmọ tí inú ń bí kò mọ ìdí, irọ́ ló máa fi dáhùn. Ẹ kọjú sí ẹni tí wọ́n nà lákọ̀ọ́kọ́, kó má jẹ́ pé nínani ló ń mú kí àgbà wo èèyàn. Lẹ́yìn náà, ẹ fún ẹni tó nani ní gbólóhùn tó yẹ kó sọ: "O fẹ́ ọkọ̀ yẹn. Sọ fún un pé: mo fẹ́ ẹ tó o bá lò ó tán." Gbogbo rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ìwàásù gígùn kì í wọlé lásìkò yẹn.

Ẹ má na ọmọ láti kọ́ ọ pé kó má nani. Ní 1961, olùṣèwádìí kan, Albert Bandura, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ fi han àwọn ọmọdé bí àgbà kan ṣe ń lu ọmọlangidi oníróbà ńlá. Nígbà tí àwọn ọmọ náà dé ọ̀dọ̀ ọmọlangidi yẹn, ọ̀pọ̀ wọn lù ú bí wọ́n ṣe rí i, àní pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí àgbà náà sọ. Ohun tí ọwọ́ àgbà ṣe ni wọ́n kọ́.

Tí ọmọ kan náà bá ń nani ní gbogbo ìgbà, ẹ kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀ fún ọjọ́ 5: aago mélòó, ibo, ta ló wà nítòsí, kí ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ẹ ó sábà rí i pé ó ń wá sí ojú kan: ìgbà tí wọ́n ń kúrò nínú eré bọ́ sí iṣẹ́, ibi tí ọmọ 5 ti há mọ́ ìdí apẹ̀rẹ̀ kan, tàbí ìgbà tí ebi àti oorun bá pàdé. Ibi yẹn ni kí ẹ tún ṣe. Ẹ lè má bá ọmọ náà sọ ọ̀rọ̀ kankan kí nínani tó dínkù, kìkì pé ẹ sún apẹ̀rẹ̀ sí ibi tó gbòòrò.

Ní ti ẹjọ́ wẹ́wẹ́, ẹ ó gbọ́ ọ títí: "Ó wo ìwé mi!" Ẹ má lé ẹnikẹ́ni padà pẹ̀lú "máà ṣe òfófó", torí lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ńlá bá délẹ̀, kò ní sọ ọ́. Ìbéèrè kan ni: "Ṣé ẹnì kan ń fara pa, àbí nǹkan ń bàjẹ́?" Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ dìde. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, "Kí lo ti sọ fún un?" kí ẹ sì bá a wá gbólóhùn náà.

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹ̀kọ́ nípa ara ọmọ kún un, torí kò sí àjọṣe tó dára níbi tí ọmọ ò ti lè ní "rárá, mi ò fẹ́" nípa ara tirẹ̀. Ọ̀nà kúkúrú ni: kí gbogbo ọmọ mọ orúkọ ẹ̀yà ara wọn ní èdè tí àgbà èyíkéyìí máa gbọ́, ojú ara àti ìdí pẹ̀lú. Tí ilé kọ̀ọ̀kan bá ní ẹnà tirẹ̀, ọmọ lè sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i fún olùkọ́, kí olùkọ́ má mọ ohun tó ń sọ.

Ẹ kọ́ wọn ní ìyàtọ̀ láàárín ìyàlẹ́nu àti àṣírí. Ìyàlẹ́nu ní ọjọ́ tí gbogbo èèyàn máa mọ̀ ọ́n, inú á sì dùn. Àṣírí tí wọ́n ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni láéláé, pàápàá tó bá kan fífọwọ́ kanni, sísọ ni. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè ka orúkọ àgbà 5 tó lè lọ bá, kí ó kéré tán ẹnì kan má gbé nílé wọn. Tí ẹni àkọ́kọ́ ò bá gbọ́, kó lọ sọ́dọ̀ ìkejì.

Ó sì kan ẹ̀yin náà: tí ọmọ bá ní òun ò fẹ́ kí ẹ dì mọ́ òun, ẹ dúró. Ẹ na ọwọ́ kí ẹ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, tàbí kí ẹ juwọ́ sí i.

Olùbéèrè

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Pátákó ìràwọ̀ ń bọ̀ kalẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó tán. Ìbéèrè kan péré: kí ni mo máa sọ fún àwọn òbí, tí wọ́n á máa béèrè ìràwọ̀ mélòó lọ́mọ àwọn gbà?

Alábòójútó Ọmọ Wẹ́wẹ́

Ẹ fi ìwé pélébé kan sínú báàgì ní ọjọ́ tí ọmọ bá gba iṣẹ́ tuntun, gbólóhùn méjì péré: "Nínu tábìlì ni iṣẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì yìí. Ẹ jẹ́ kó fi aṣọ kékeré nu tábìlì kan nílé, láti etí bọ̀ sí àárín, kí ẹ má tún un nù." Ẹ ya àwòrán aṣọ náà sí i fún ọmọ, kó lè ka tirẹ̀ fún wọn. Tí òbí bá béèrè ìràwọ̀, ẹ ní kí wọ́n bi ọmọ pé ta ló ń kọ́ níṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí.